Ìbọn Tí Garrett Rà fún Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ìgbà tí ọmọ mi ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó kọjá, ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe jókòó yìí, ẹni tó bá sì ní kí n fara balẹ̀, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa fà á. Bí ẹ bá ń wá ìyá àgbà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń gé kéèkì fún àlejò, ẹ lọ wá a níbòmíì.

Leota Birdsong lorúkọ mi. Texas níbí ni wọ́n bí mi sí, lápá òkè níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí atẹ́gùn kì í sinmi. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mo ń wa títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti kú. Ó fi àga onítìmùtìmù kan àti ìbọn rẹpẹtẹ sílẹ̀. Àga yẹn ni mo tà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni èmi àti àwọn obìnrin ìjọ wa máa ń lọ yìnbọn ní pápá ìyìnbọn, tí a bá yìn ín tán, a ó lọ jẹ páì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìbọn ló ń bí mi nínú. Àwọn ọkùnrin ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Corinne. Ọ̀dọ̀ dókítà eyín ló ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì tín-ín-rín. Garrett ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ epo. Tó bá ti lọ, ó di bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà wálé. Ilé wọn wà lójú ọ̀nà eléruku kan lẹ́yìn ìlú, oko àgbàdo lọ́tùn-ún, màlúù lósì. Nígbà òtútù tó kọjá, àwọn olè já wọ ilé Ìyá Tackett tó jẹ́ aládùúgbò wọn. Wọ́n ti obìnrin arúgbó náà ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, kí ọlọ́pàá tó ti ìlú dé, àwọn olè ti lọ, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn. Láti ìgbà náà ni Corinne kì í ti í sùn dáadáa mọ́ tí Garrett bá ti lọ síbi iṣẹ́. Òun àti Wren ọmọ rẹ̀ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀, Wren ò sì tíì tó ẹni tó ń lọ ilé-ìwé.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀, lójú mi, nídìí tábìlì mi: "Garrett, mo fẹ́ ní ìbọn ìléwọ́. Mo fẹ́ èyí tí mo lè máa gbé bá Mọ́mì lọ pápá, kó jẹ́ òun náà ni màá fi ṣọ́ ilé. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n dáadáa kí ọjọ́ tí mo máa nílò ẹ̀ tó dé."

Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ṣòro? Ṣé èdè míì ló fi sọ ọ́ ni? Garrett gbé ẹran mì, ó ní, "Fọkàn ẹ balẹ̀, ìyàwó mi. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi! Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn o. Ọkùnrin ló ń yan ìbọn fún ìyàwó rẹ̀, bó ṣe ń yan táyà ọkọ̀ fún un. Kò ní wo ọwọ́ obìnrin náà. Kò ní ní kó dì í mú wò ná. Á rà á, á fi rìbọ́ọ̀nù dè é, obìnrin á sì máa fò sókè bí ẹni tí wọ́n ra ilé fún.

Ní ọjọ́ ìbí Corinne, ó gbé àpótí jáde. Corinne tú rìbọ́ọ̀nù. Ìbọn kékeré kan ló wà níbẹ̀, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, ẹnu rẹ̀ kúrú, ìdìmú rẹ̀ sì jẹ́ píǹkì. Píǹkì! Mo gbà á lọ́wọ́ ọmọ mi, mo gbé e wò. Kò wúwo tó pọ́ọ̀sì mi. Mo wá ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹnu rẹ̀: ọta mágínọ́ọ̀mù ni nǹkan ọ̀hún ń jẹ, èyí tí àwọn kan ń gbé wọgbó lọ fi pa ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́.

"Garrett," mo ní, "èyí ti fúyẹ́ jù."

"Ìdí tí mo fi rà á gan-an nìyẹn, Mọ́mì. Ó fúyẹ́, ó kéré. Ti obìnrin ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Hadley ni. Hadley tó ti ń ta ìbọn kí wọ́n tó bí mi."

"Gbọ́ mi. Ìbọn tó bá wúwo, òun fúnra rẹ̀ ló máa gba ìtàpá ọta náà sára. Èyí tó bá fúyẹ́, ọwọ́ ẹni tó dì í mú ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. O wá gbé ọta tó le jù sínú ìbọn tó fúyẹ́ jù, o ní ti obìnrin ni. Obìnrin wo? Èyí tó ṣẹ̀ ọ́?"

Garrett rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbádùn ọjọ́ ìbí yìí."

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a lọ sí pápá. Garrett mú Lonnie dání. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Lonnie, ọkùnrin gíga kan tí kò níṣẹ́ méjì ju kó rẹ́rìn-ín sí ohun tí Garrett bá sọ. Bí Corinne ṣe dúró síwájú páálí tí a fẹ́ yìn, Lonnie ti na fóònù rẹ̀ jáde, ó ń ya fídíò. Garrett ki ọta mágínọ́ọ̀mù sínú ìbọn náà, ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Sáà fà á." Kò fi bó ṣe máa dúró hàn án. Kò sọ bó ṣe máa di ọwọ́ mú. Sáà fà á!

Corinne fà á. Ìbọn náà ta á nípàá, ó fò sókè, irin rẹ̀ gbá a níwájú orí. Ó jókòó sílẹ̀ gbì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rín! Garrett rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá òpó mú. Lonnie ń pariwo pé, "Ó gbá a! Mo rí gbogbo ẹ̀ yà!" Eré wọn nìyẹn o. Kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe káàkiri ìlú yìí: ìbọn tó burú jù, ọwọ́ tó kéré jù, ẹ tan fóònù. Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ara wọn, wọ́n á sì máa pe ìyẹn ní ìfẹ́.

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ Lonnie. Mo ní jọ́ọ̀gì tíì tútù lórí bẹ́ǹṣì. Mo jù ú sínú rẹ̀.

"Míìsì Leota!" Lonnie lanu. "Fóònù mi!"

"Ó ń lúwẹ̀ẹ́. Ya fídíò ìyẹn."

Mo fi áńkáṣíìfù di orí ọmọ mi, mo gbé e lọ sílé ara mi. Nígbà tí a dé ẹnu-ọ̀nà ló tó ní, "Mọ́mì, mi ò fẹ́ rí ìbọn kankan mọ́."

"Ìyá Tackett ńkọ́?"

Ó bú sẹ́kún. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ yìí béèrè ni ohun tí yóò jẹ́ kó lè sùn nínú ilé ara rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó wá sọ ọ́ di ohun tó ń dẹ́rù bà á ju olè lọ.

Mo fún un ní àyè díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi bá mi lọ sí pápá lọ́jọ́ tí kò séèyàn níbẹ̀. Mo gbé ìbọn ọkọ mi kan fún un, onírin, tó wúwo, mo ki ọta tó rọ̀ sínú rẹ̀, mo sì fi ọta òfìfo kan tí kì í dún sáàárín wọn láì sọ fún un. Ó yin èkíní. Ó yin èkejì. Nígbà tó kan òfìfo, ìbọn ò dún rárá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ wo ilẹ̀. Corinne fúnra rẹ̀ rí i.

"Ara mi ti ń sá kó tó dún," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àpá orí ẹ ti ń lọ. Èyí ni àpá tó kù."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Garrett lórí fóònù, ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Àwọn obìnrin kan ò kàn lè ṣe é ni, Mọ́mì." Orí mi gbóná débi pé mo pa fóònù mọ́ ọn létí, mo tún tan án kí n lè tún un pa.

Bí a ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù Hadley nìyẹn. Hadley jókòó sẹ́yìn gíláàsì, orí ìgalà lókè orí rẹ̀, fìlà rẹ̀ fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ. Bó ṣe rí Corinne ló ti ń yọ eyín.

"Iwájú orí ńkọ́? Ṣé ó ti san?"

Ó ti rí i! Bí Lonnie ṣe ń ya fídíò náà ló ti ń fi ránṣẹ́ tààrà, kí n tó ri fóònù rẹ̀ bọ tíì. Gbogbo ìlú ti wò ó. Ojú Corinne pọ́n.

"Hadley," mo ní, "ìwọ lo ta ìbọn yẹn."

"Èmi ni, mà. Ìbọn tó dáa ni. Ó dáa, kí ni Garrett fẹ́ kí a fi pààrọ̀ ẹ̀?"

"Garrett? Ṣé Garrett lo ń wò níwájú ẹ yìí?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo kàn ní kí n bi ọ̀gá ilé..."

"Ọ̀gá ilé wà níbi kànga epo, ó ń sùn láàárín àwọn ọkùnrin bíi tiẹ̀. Ẹni tó máa dá wà nílé pẹ̀lú ọmọ ló dúró yìí. Ó lẹ́nu. Bi òun."

Hadley mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé òmíràn jáde. Ó tún kéré, ó tún fúyẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìdìmú èyí jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò. Ẹ gbà mí! Díẹ̀ ló kù kí n gun gíláàsì náà kọjá.

Corinne ló fọwọ́ tọ́ mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Hadley, ẹ gbé èyí tó wà lọ́hùn-ún wá. Èyí ńlá yẹn."

"Ìyẹn ti tóbi jù fún ẹ."

"Ẹ gbé e wá. Àti àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo fẹ́ háyà wọn, kí n yìn wọ́n wò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù."

Hadley wò mí. Mo wò ó. Ó gbé wọn wá.

A kọ́kọ́ yin èyí tó ń jẹ ọta ńlá kan tí àwọn àgbà ọkùnrin ibí fẹ́ràn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ogun tí bàbá wọn jà. Kò burú. Ó ń ti Corinne sẹ́yìn ni, kò gbá a. Ṣùgbọ́n ìdìmú rẹ̀ nípọn jù, ìka Corinne kò dé irin tí a ń fà láìjẹ́ pé ó yí ọwọ́ padà. Ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé irú tèmi, onírin tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, pẹ̀lú ọta tó rọ̀. Èyí bá ọwọ́ rẹ̀ mu, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n irin rẹ̀ le láti fà, ọta tó ń gbà kò pọ̀, àti tún un kì sì ń gba àkókò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Mọ́mì, tí ẹ̀rù bá ń bà mí, mi ò ní lè máa ki èyí lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó wá gbé ìkẹta. Ọta mílímítà mẹ́sàn-án, ìbọn ìléwọ́ gígùn tó wúwo dáadáa, àpò ọta rẹ̀ wà nínú ìdìmú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbà á. Ó fa irin òkè ìbọn náà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ láti ki ọta, láìsí pé ó ń làágùn. Ó yìn ín, ó mí, ó tún yìn ín. Ojú rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a fa páálí náà wá, ihò rẹ̀ kò tú ká ju ẹnu àwo ife lọ. Ọta rẹ̀ tún wà káàkiri, kò wọ́n, ó lè máa bá mi lọ ní Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀.

Hadley wá wò ó. Ó ní, "Hùn-ún."

"Hùn-ún kí ni?" mo ní. "Bàtà lásán, ẹ máa ń ní kéèyàn wọ̀ ọ́ rìn wò kó tó rà á. Ohun tó máa gba ẹ̀mí là, ẹ ní kí ọkọ ẹ̀ máa fojú díwọ̀n ẹ̀."

Corinne san owó rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò fi onípíǹkì pààrọ̀.

Kò rọrùn lẹ́yìn náà o. Ìbẹ̀rù tí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan gbìn, ọ̀pọ̀ Ọjọ́bọ̀ la fi hú u. Mo ń fi òfìfo sáàárín ọta, ẹnu ìbọn ń dọ̀bálẹ̀, a tún ń bẹ̀rẹ̀. Ó di ọjọ́ kan, òfìfo kàn án, irin ta kẹ́, ẹnu ìbọn ò sì mì. Èmi àtàwọn obìnrin ìjọ patẹ́wọ́ bí ẹni wà níbi ìgbéyàwó.

Ẹ máa rò pé inú Garrett máa dùn. Ó dé láti ibi iṣẹ́, ó rí ìbọn náà nínú àpótí irin, ó sì fajú ro.

"Náìn-mílì? Ọta kékeré yìí? Tó bá ba olè, á kàn múnú bí i ni. Mágínọ́ọ̀mù tí mo rà fún ẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré, olè ti ṣubú."

"Tó bá bà á," Corinne ní.

"Tó bá sì tàsé ńkọ́?" èmi náà já lu ọ̀rọ̀. Wren ń kọrin nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo fi ìka kan ògiri náà, ó dún gbo. "Páálí méjì pẹ̀lú àlàfo láàárín, ògiri nìyí. Ibo ni mágínọ́ọ̀mù ẹ máa dúró sí?"

"Kì í ṣe tèmi nìkan... ti Corinne náà á kọjá, Mọ́mì!"

"Jẹ́ ká wò ó."

Páálí ògiri tó kù níbi tó ti ń tún ilé ọkọ̀ ṣe ṣì wà nílẹ̀. A tò wọ́n síwájú òkìtì yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ilé. Lonnie ti dé, ó mú bíà dání, mo ní kó gbé e sínú ọkọ̀ kó tó súnmọ́ ibi tí ìbọn wà. A yin ti Garrett, ó kọjá. A yin ti Corinne, ó kọjá. Kódà ìbọn mi tó kéré jù, tí mo fi ń yin agolo, ó kọjá.

Garrett patẹ́wọ́. "Ẹ rí i! Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn!"

"Ọ̀kan náà ni," Corinne ní. "Nítorí náà, èyí tí ọwọ́ mi lè darí ló dáa. Yin tìẹ, Garrett. Jẹ́ ká rí ibi tó máa bà."

Ó gbé àwo oúnjẹ onípáálí kan kọ́ sórí igi. Garrett gbé ìbọn onípíǹkì. Ó yìn ín. Yẹ̀pẹ̀ fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ó tún yìn ín, yẹ̀pẹ̀ tún fò. Mo rí i tó fi ọwọ́ sẹ́yìn, tó ń fún ọwọ́ náà níkọ̀kọ̀. Corinne gbé tirẹ̀, ó lu àwo náà ní àárín, ó tún lù ú.

Lonnie bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi ń rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Etí Garrett pọ́n bíi tòmátì.

"Àwo kì í ṣe olè," ó ní. "Àwo kì í rìn wá bá èèyàn. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹsẹ̀ ẹ á wọlẹ̀. O ò ní lè ṣe nǹkan kan."

Corinne wọlé, ó gbé bẹ́ẹ̀dì Wren lọ sí yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ilé, ó wá ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀nà tó so àwọn yàrá pọ̀. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó. Níbí, bíríkì ilé ìdáná tí ọta ò lè gbà kọjá ló wà níwájú mi, Wren wà lẹ́yìn mi. Tó bá kan kí n yìnbọn, ibí nìkan ni." Ọmọ tí wọ́n ní kò lè ṣe é ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Garrett di ẹrù, ó padà síbi iṣẹ́ láì jẹun.

Ó wá di Sátidé kan lọ́sàn-án. Mo wà lọ́dọ̀ wọn, èmi àti Wren ń ká aṣọ nínú yàrá rẹ̀. Corinne ń se ẹ̀wà àti ẹran. Garrett ò tíì yẹ kó dé. A ṣì ń retí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbọ́ nǹkan gbàà lẹ́yìn ilé, ilẹ̀kùn ibi ìfọṣọ. Ó tún dún gbàà, pákó sì ya.

Kí n tó dìde, Corinne ti dé. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Kò sáré, kò pariwo.

"Mọ́mì, ẹ má jáde. Ẹ pe ọlọ́pàá."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ó dúró síta. Mo tẹ́ Wren sílẹ̀, mo sùn lé e lórí pẹ̀lú gbogbo ara mi, mo ń sọ àdírẹ́sì sínú fóònù. Obìnrin tó gbé e ní ọlọ́pàá kan wà nítòsí, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù, ó ń bọ̀. Ọkàn mi ń lù débi pé Wren ní, "Màmá àgbà, ẹ ń mì." Ògiri yẹn kò nípọn. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Mo ní ìbọn lọ́wọ́!" Corinne ló ń sọ̀rọ̀. "Ọlọ́pàá ń bọ̀! Jáde kúrò nílé mi!"

Ìró bàtà. Ó ń bọ̀, ó ń rọra bọ̀.

"Dúró síbẹ̀. Jẹ́ kí n rí ọwọ́ ẹ."

Ẹni náà kùn nínú ọ̀fun, bí ajá búburú ṣe ń kùn. Bàtà tún dún.

"Mi ò ní tún un sọ. Ìgbésẹ̀ kan sí i, màá yìn ọ́."

Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ọmọ mi rí. Kò gbọ̀n. Mo di etí Wren, mo di ojú ara mi, mo ń dúró de ìró náà.

"Corinne! Corinne, èmi ni! Garrett ni! Eré ni! Má yìn ín, eré ni!"

Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bá ọkọ ọmọ mi ní ọ̀nà náà, ìbòjú dúdú tí àwọn ọdẹ ń wọ̀ nígbà òtútù ló wọ̀, ó ti fà á dé iwájú orí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Lonnie wà lẹ́yìn fèrèsé, ó dúró láàárín òdòdó Corinne, ó na fóònù tuntun sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Corinne ti rẹ ìbọn náà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.

"A kàn fẹ́ dán ẹ wò ni," Garrett ní. Ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "O yege! O rí i? Mo ní o ò lè ṣe é, o yege!"

Ẹ dákun, ẹ bá mi gbọ́. Ó já ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Ó fi ìbòjú bojú. Ó ń rìn lọ bá ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọmọ. Ó wá ń fún un ní máàkì!

"Ṣé o ti ya wèrè ni?" mo pariwo. "Ọmọ ẹ wà lábẹ́ mi nílẹ̀! Aláìlórí! Òpònú!" Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ míì tí mi ò ní lè tún sọ fún pásítọ̀.

"Mọ́mì, ẹ rọra. Kò sẹ́ni tó fara pa."

"Kúnlẹ̀, Garrett," Corinne ní.

"Kí ni?"

"Mo ń gbọ́ ọkọ̀ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Tó bá bá ẹ lórí ìdúró pẹ̀lú nǹkan yẹn lórí, kò ní bi ẹ́ bóyá eré ni. Kúnlẹ̀. Gbé ọwọ́ ẹ sí ibi tó máa ti rí i."

Ó kúnlẹ̀. Corinne kọjá lọ, ó ti ìbọn mọ́ inú àpótí irin, ó padà wá. Ọlọ́pàá náà wọlé pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ó dojú Garrett bolẹ̀, ó fi irin dè é lọ́wọ́. Ó jáde lọ fa Lonnie kúrò nínú òdòdó, ó de òun náà. Lonnie ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mà," ọlọ́pàá náà sọ fún Corinne, ó ń mí hẹlẹ, "ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí?"

"Sọ fún un, Corinne," Garrett ní láti ilẹ̀. "Jọ̀ọ́, sọ fún un."

Wren ti yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi jáde. Ó dúró, ó di sọ́kìsì kan mú. "Dádì, kí ló dé tí ẹ dojú bolẹ̀?"

Corinne lóṣòó síwájú ọkọ rẹ̀ títí ojú wọn fi ṣe mẹ́rin.

"Ìka mi ti wà lórí irin tí a ń fà lára ìbọn, Garrett. Mo ti ń fà á. Mo ti fà á dé ìdajì kí o tó lanu."

Garrett bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń pe orúkọ Wren. Corinne dìde. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó fi orí rẹ̀ pamọ́ sí ọrùn ara rẹ̀.

"Ọkọ mi ni," ó ní.

Ọlọ́pàá náà mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ irin tó fi dè é lọ́wọ́ jáde.

"Òun náà ló já ilẹ̀kùn mi," Corinne ní. "Ẹ mú u lọ."

Ọkùnrin náà wò mí, bóyá ìyá ló máa bẹ̀bẹ̀. Mo wò ó padà. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò.